Omi Ni Ó Kọ́ Lókójà Ní Ìwà

Ẹni tí ó bá gbéra ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ ní òwúrọ̀, tí ó gba Kábà kọjá, tí ó sì kọjú sí ìhà ìlà-oòrùn, àpáta, igbó àti oko iṣu ni yóò máa rí lọ́tùn-ún lósì. Yóò kọjá ní Obajana níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì. Yóò la ilẹ̀ àwọn Ọ̀wọ̀rọ̀ já, àwọn ẹni tí èdè wọn kò jìnnà sí èdè àwọn ará Gbẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ilẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, ooru yóò sì pọ̀ sí i. Lójijì ni arìnrìn-àjò náà yóò rí omi. Kì í ṣe omi odò kékeré tí ọmọdé lè wọ́ kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi tí ó tẹ́ lọ rẹrẹ ni, tí igi òdìkejì rẹ̀ kéré lójú bí koríko. Níbẹ̀ ni Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Níbẹ̀ náà ni ìlú Lókójà wà.

Òkun ni orúkọ tí a fi ń pe àwọn Ìjùmú, Owé, Bùnú, Yàgbà àti Ọ̀wọ̀rọ̀ lápapọ̀. Àlejò tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ lè rò pé alágbalúgbú omi ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Inú ìkíni wọn ni ó ti wá. Ará òkè àti ará oko ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ bí a ti ń tukọ̀. Èyí ni ó mú kí àwọn ọ̀dọ́ kan máa rò pé ọ̀rọ̀ odò ńlá kò kan ilé bàbá wọn. Èrò náà kò tọ̀nà. Ohun tí omi ṣe ní Lókójà ti kan gbogbo ilé ní ilẹ̀ Òkun, láti orí ẹja inú ọbẹ̀ títí dé orí orúkọ ìpínlẹ̀ tí wọ́n wà. Ẹ̀kọ́ tí omi náà fi kọ́ ìlú yẹn sì yẹ ní kíkọ́ fún ẹnikẹ́ni tí yóò bá ọmọ ẹ̀yà mìíràn gbé.

Àwọn kan a máa sọ pé òyìnbó ni ó dá Lókójà sílẹ̀. Ìdajì òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ wọn. Bí ó bá jẹ́ pé òyìnbó lè dá ìlú sílẹ̀ níbikíbi tí ó bá wù ú, kí ló dé tí kò fi gun orí òkè Agbaja lọ, níbi tí atẹ́gùn ti tutù? Kí ló dé tí ó fi jẹ́ ibi tí omi méjì ti pàdé gan-an ni ó dúró sí? Ọkọ̀ ni ó gbé òyìnbó wá, omi ni ó sì gbé ọkọ̀. Kí òyìnbó tó dé rárá ni àwọn Núpé, Kakanda, Ígálà, Básà, Ẹ̀bìrà àti Ọ̀wọ̀rọ̀ ti ń pàdé ní àgbègbè omi náà, tí wọ́n ń fi ẹja pààrọ̀ iṣu, tí wọ́n ń fi iyọ̀ pààrọ̀ aṣọ. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí ní Khartoum ní ilẹ̀ Sudan, níbi tí Odò Náílì Funfun àti Odò Náílì Aláwọ̀ Ojú Ọ̀run ti pàdé. Níbikíbi tí ọ̀nà omi méjì bá ti di ọ̀kan, ọjà kò ní ṣàìsí níbẹ̀.

Ìrìn àjò àwọn odò méjèèjì jìn púpọ̀ kí wọ́n tó pàdé. Ní àwọn òkè ilẹ̀ Guinea ni Odò Ọya ti ṣẹ̀. Ó gba ilẹ̀ Mali àti ilẹ̀ Niger kọjá, ó rìn ní ààlà ilẹ̀ Benin, kí ó tó wọ Nàìjíríà. Gbogbo gígùn rẹ̀ títí dé òkun jẹ́ nǹkan bí 4,180 kìlómítà. Odò Bẹ́núé ní tirẹ̀ ti orí òkè Adamawa ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù wá, ó sì rin nǹkan bí 1,400 kìlómítà. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bá pàdé, wọn kì í dà pọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá gun Òkè Pàtì tí ó wà lẹ́yìn ìlú náà yóò rí i pé àwọ̀ omi kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Wọ́n ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan kò ti èkejì, títí wọn yóò fi di omi kan ṣoṣo tí ó ń lọ sí òkun. Àwọn Yorùbá ní Ọya, aya Ṣàngó, ni ó di odò náà lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ ti lọ. Àwọn Hausa ń pe odò kan náà ní Kwara. Òyìnbó ń pè é ní Niger. Bí èrò etí bèbè ti pọ̀ tó ni orúkọ odò pọ̀ tó.

Ní 1830 ni Richard Lander àti John àbúrò rẹ̀ wa ọkọ̀ láti Bussa, tí wọ́n gba ìpàdé omi yìí kọjá, tí wọ́n sì bá odò náà dé òkun. Ìgbà náà ni àwọn ará Yúróòpù tó mọ ibi tí Odò Ọya ń dà sí. Ní 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ mẹ́ta ránṣẹ́ láti wá fi òpin sí òwò ẹrú, kí wọ́n sì dá oko àwòkọ́ṣe kan sílẹ̀ nítòsí ìpàdé omi. Ibà pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó náà, oko náà sì dahoro. Ọmọ Yorùbá kan wà nínú àwọn tí ó bá wọn wá. Àjàyí Crowther ni, ọmọ Òṣogùn, ẹni tí a kó lẹ́rú ní 1821, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ lójú omi ní 1822. Omi tí ìbá gbé e lọ sí oko ẹrú láéláé ni ó tún gbé e padà wá sí ilẹ̀ àwọn baba rẹ̀.

Ní 1854, Crowther tún bá Dókítà William Balfour Baikie wá nínú ọkọ̀ tí ń jẹ́ Pleiad. Baikie mú kí àwọn èrò ọkọ̀ náà máa lo kuníìnì, ibà kò sì pa ẹnì kankan nínú wọn. Lẹ́yìn ìrìn àjò mìíràn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1857, Baikie gba àyè lọ́wọ́ Masaba, Etsu Núpé, ó sì tẹ̀dó sí Lókójà. Ibẹ̀ ni ó wà títí di 1864, nígbà tí ó forí lé ilé tí ikú sì pàdé rẹ̀ ní ilẹ̀ Sàró. Ní ọdún kan náà ni Crowther di Bíṣọ́ọ̀bù. Ní 1865 ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Lókójà, àwọn ará ìlú sì ń fi òpó irin han àlejò nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà, tí wọ́n ní ìdí rẹ̀ ni a ti ń dá àwọn ẹrú sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń yin odò kò gbọdọ̀ fi apá kan ìtàn pamọ́. Ojú ọ̀nà tí ìwé àti oògùn gbà wọlé ni ẹrú gbà jáde. Masaba tí ó fún Baikie ní ibùdó kan náà ni ọmọ ogun rẹ̀ ń dà láàmú ilẹ̀ Òkun. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn ẹlẹ́ṣin Bídà ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ Ìjùmú, Owé, Bùnú àti Yàgbà, tí wọ́n sì ń kó ọmọ wọn lọ. Ní oṣù kìíní 1897 ni ọmọ ogun ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company gbéra láti Lókójà, tí wọ́n tú àgọ́ ogun Núpé ká ní Kábà, kí wọ́n tó ṣẹ́gun Bídà ní ìparí oṣù kan náà. Àwọn wọ̀nyí náà kò wá nítorí àánú. Ọjà ni wọ́n ń wá. Kí ni ó yẹ kí a rí kọ́ nínú èyí? Omi kì í bi ọkọ̀ léèrè ohun tí ó rù. Ènìyàn ni ó ń di ẹrù sínú ọkọ̀, ọrùn ènìyàn ni ẹ̀bi tàbí ìyìn sì wà.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1900, Lugard gbé àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè ní Lókójà, ìjọba ilẹ̀ Àríwá Nàìjíríà sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ìtàn kan wà tí àwọn tí ń mú àlejò gun Òkè Pàtì fẹ́ràn láti máa sọ. Wọ́n ní orí òkè náà ni Flora Shaw, ìyàwó Lugard, dúró sí tí ó ń wo omi, tí ó fi sọ orílẹ̀-èdè yìí ní Nàìjíríà. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ọdún kò bá a mu. Inú ìwé ìròyìn The Times ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ti ọjọ́ kẹjọ oṣù kìíní 1897, ni Flora Shaw ti dá orúkọ náà lábàá. Ó sì di 1902 kí ó tó di aya Lugard. Bí ó ti wù kí ó rí, láti ara orúkọ odò náà ni ó ti fa orúkọ orílẹ̀-èdè yọ. Nígbà tí a sì dá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991, tí Lókójà jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, Kogi ni wọ́n sọ ọ́. Ní èdè Hausa, odò ni kogi. Ọmọ Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ tí ó ní òun kò ní ohun kan í ṣe pẹ̀lú odò, orúkọ odò ni ó ń kọ sí ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí ó bá kọ orúkọ ìpínlẹ̀ rẹ̀ àti orúkọ orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Ní ayé òwò ọkọ̀ ojú omi, odò ni ó ń ka oṣù fún àwọn oníṣòwò. Nígbà òjò, tí omi bá kún, ọkọ̀ ńlá a máa ti Burutu nítòsí òkun gòkè wá sí Lókójà, a sì máa gba Bẹ́núé lọ sí Yola àti títí dé Garua ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Garua jìn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nǹkan bí oṣù méjì péré nínú ọdún ni omi ń tó láti gbé ọkọ̀ ńlá débẹ̀. Ọkọ̀ tí ó bá pẹ́ níbẹ̀, iyanrìn ni yóò gbà á lálejò. Iyọ̀, aṣọ àti ohun èlò irin ń gòkè. Epo pupa, èkùrọ́, òrí àti owú ń sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí ó bá sọ̀ sí etí omi kì í dúró síbẹ̀. Àwọn obìnrin ilẹ̀ Bùnú tú òwú pupa lára aṣọ òkèèrè tí òwò gbé wá, wọ́n sì fi hun aṣọ ìpo tí a fi ń ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún àgbà tí ó kú. Ohun tí ó jẹ́ ọjà lásán ní èbúté di ohun ọ̀wọ̀ lórí òkè. Bẹ́ẹ̀ ni àṣà etí omi ṣe ń dé ibi tí omi fúnra rẹ̀ kò lè dé.

Bí ọjà ti ń gòkè tí ó ń sọ̀ ni ènìyàn ń wọlé. Apẹja dé, ọmọ ogun dé, akọ̀wé dé, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí dé. Ẹ wo orúkọ tí wọ́n fi sílẹ̀. Maigari ni orúkọ oyè ọba Lókójà, èdè Hausa sì ni. Pàtì tí a fi ń pe òkè ìlú náà, èdè Núpé ni. Òun náà ni ó wà nínú orúkọ Pategi, òkè kékeré. Ọya tí àwọn Yorùbá ń pe odò náà, orúkọ òrìṣà ni. Kò sí èyí tí ó lé èkejì jáde. Nínú ọjà ìlú náà, Ẹ̀bìrà a máa fi Hausa ná ọjà lọ́wọ́ Núpé, Ọ̀wọ̀rọ̀ a sì máa fi Yorùbá dá a lóhùn, kò sì sí ẹni tí yóò ṣẹ́jú. Omi méjì tí ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí fi ìwà jọ. Wọ́n wà pọ̀, síbẹ̀ Núpé ṣì jẹ́ Núpé, Ígálà ṣì jẹ́ Ígálà.

Nítorí èyí ni ìjà tí àwọn kan ń jà lórí ẹni tí ó ni Lókójà fi jẹ́ ohun ìbànújẹ́. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní ìtàn tirẹ̀, kò sì burú kí ọmọ mọ ìtàn baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn ẹni tí ó kọ́kọ́ dé kò yẹ kí ó di kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ó dé lẹ́yìn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ni àwọn àgbà wí. Bí a bá mú ẹ̀yà kan ṣoṣo, tí a ní òun nìkan ni ó ni ìlú náà, ohun tí ó sọ ọ́ di ìlú ni a ti mú kúrò. Àwọn ará Òkun pàápàá, tí wọ́n ń sọ nígbà mìíràn pé àwọn kò rí ìpín àwọn gbà ní ìpínlẹ̀ náà, ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ìpín. Ṣùgbọ́n kí wọ́n bèèrè gẹ́gẹ́ bí ará ilé, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí àlejò. Lókójà ni olú-ìlú Ẹkùn Kábà láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà kóòtù àti ọ̀nà iṣẹ́ ìjọba ti so òkè Gbẹ̀dẹ̀ mọ́ etí omi.

Ìlú náà kò ṣàìrí ìfàsẹ́yìn. Ní 1902, olú-ìlú ìjọba ilẹ̀ Àríwá ti wà ní Zungeru. Láàárín 1907 àti 1911 ni wọ́n la ọ̀nà rélùwéè láti Baro dé Kano. Ní 1916 ni afárá rélùwéè Jẹ́bà parí, tí ọkọ̀ ojú irin fi ń lọ tààrà láti Èkó sí ìlú òkè Ọya. Ọjà tí ó ń gba omi bẹ̀rẹ̀ sí í gba irin, lẹ́yìn náà ó gba ọ̀dà. Ní 2009, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wíwa iyanrìn ìsàlẹ̀ Odò Ọya kí ọkọ̀ lè tún máa gòkè, Lókójà ni wọ́n sì ti ṣí iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àwọn ọdún tí ó wà láàárín, ọ̀pọ̀ ará ìlú ti kọ ẹ̀yìn sí omi. Wọn kò wò ó mọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà. Ilẹ̀ etí rẹ̀ ni wọ́n ń wò, pé yóò gba ilé.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè. Ní 2012, àwọn odò méjèèjì kún kọjá ààlà. Omi wọ ilé ní Adankolo, ní Ganaja àti ní Koton Karfe. Àwọn tí ó kú káàkiri Nàìjíríà jẹ́ 363, àwọn tí ó sì di aláìnílé ju 2,000,000 lọ. Ní 2022 ó tún ṣẹlẹ̀: àwọn tí ó kú ju 600 lọ, omi sì bo ọ̀nà Lókójà sí Àbújá tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ epo àti ọkọ̀ oúnjẹ fi tò sójú kan fún ọjọ́ púpọ̀. Àwọn kan ní Kamẹrúùnù ni ó jẹ̀bi, nítorí ìsédò Lagdo tí wọ́n kọ́ parí sórí Bẹ́núé ní 1982, tí wọ́n máa ń ṣí nígbà òjò. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà náà ti pinnu láti kọ́ ìsédò tirẹ̀ sí Dasin Hausa ní ilẹ̀ Adamawa láti gba omi náà dúró, kò sì tíì parí rẹ̀ nígbà tí àkúnya méjèèjì dé. Ẹni tí ó ń fi ìka kan tọ́ka sí aládùúgbò, kí ó wo ibi tí àwọn ìka yòókù kọjú sí.

Àwọn mìíràn ní odò ti di ọ̀tá. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó léwu jù, nítorí pé ó ń sọ ènìyàn di aláìlẹ́bi. Àwọn apẹja Kakanda àti Núpé ìgbà àtijọ́ mọ odò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí omi bá fà, wọn a pàgọ́ sí orí iyanrìn. Nígbà tí ó bá ń padà bọ̀, wọn a ká àgọ́ wọn, wọn a gun òkè. Wọ́n mọ̀ pé odò a máa fà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kì í fi ilẹ̀ rẹ̀ tọrẹ. Ọ̀làjú òde òní ni ó gbé bíríkì àti sìmẹ́ńtì lọ sí ibi tí àwọn àgbà ń gbé koríko lọ. Bí a bá fi etí omi sílẹ̀ fún oko ẹ̀ẹ̀rùn, fún ẹja àti fún ọkọ̀, tí a bá gbé ilé sókè, tí a bá la ojú àgbàrá, tí a sì fetí sí ìkìlọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń wọn omi máa ń ṣe lọ́dọọdún, àkúnya yóò máa dé, kò ní máa bá ènìyàn lójú oorun. Ìjọba tí ń fi ìwé ilẹ̀ lélẹ̀ fún ẹni tí ń kọ́lé sójú ọ̀nà omi ní láti jáwọ́. Ará ìlú tí ń da ìdọ̀tí sí ojú àgbàrá ní láti jáwọ́ pẹ̀lú.

Ẹ̀kọ́ méjì ni omi fi kọ́ Lókójà. Ó kọ́ ọ láti gba àlejò láìgbé e mì. Èyí ni ìlú náà mọ̀ jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń fẹ́ kí ó gbàgbé. Ó kọ́ ọ láti fún odò ní àyè. Èyí ni ó ti gbàgbé, ẹ̀mí ni ó sì fi san án. Ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n ní ìdí: ẹni tí ó bá fẹ́ bá ohun tí ó jù ú lọ gbé, tàbí ẹni tí ó yàtọ̀ sí i, kí ó mọ ibi tí àyè tirẹ̀ mọ.

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú odò ilẹ̀ Òkun, irú Odò Oyi, ọ̀dọ̀ Ọya ni ó ń ṣàn lọ. Lọ́jọ́ iwájú, nínú irú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni a ó ti rí ayàwòrán-ilé, agbẹjọ́rò àti òṣìṣẹ́ ìjọba tí yóò jókòó ní Lókójà láti pinnu ibi tí a ó kọ́lé sí àti ẹni tí a ó kà kún ará ìlú. Kí wọ́n gun Òkè Pàtì lọ́jọ́ kan kí ọjọ́ náà tó dé. Kí wọ́n wo omi méjì tí ń ṣàn lọ láìti ara wọn, kí wọ́n sì wo bí ilẹ̀ tí ó wà láàárín omi àti òkè ti kéré tó.